Táyà Iwájú Ti Jẹ, Ti Ẹ̀yìn Ṣì Dà Bí Tuntun: Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí A Pààrọ̀ Ipò Wọn?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ̀ kékeré tí táyà iwájú ń fà ni mò ń wà. Mo ra táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, mo sì ti fi wọ́n rin 22,000 kìlómítà. Nígbà tí mo wọn bí poro ojú wọn ṣe jìn tó lọ́sẹ̀ tó kọjá, ti iwájú ku mìlímítà 4, ti ẹ̀yìn ku 7. Mẹkáníìkì mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì ló yẹ kí n máa gbé ti iwájú sẹ́yìn, kí n gbé ti ẹ̀yìn síwájú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ọgbọ́n àtigba owó ni, pé òun ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó ló tọ́? Ṣé ó sì burú kí táyà ọ̀tún bọ́ sí òsì?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè, ẹ sì ṣeun tí ẹ wọn táyà yín kí ẹ tó kọ̀wé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bi mí ní irú èyí kì í mú nǹkan kan dání ju "ó jọ pé ó ti ń jẹ" lọ. Ẹ̀yin mú iye wá, iye yẹn ló sì máa dáhùn ìdajì ohun tí ẹ bi mí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní kúkúrú. Fún ọkọ̀ bíi tiyín, 8,000 sí 10,000 kìlómítà ni. Ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: 5,000 sí 8,000 ni mo máa ń sọ fún àwọn tó ni ín. Ṣùgbọ́n ìwé tó bá ọkọ̀ wá ló ni àṣẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé Toyota, 8,000 kìlómítà ni wọ́n kọ. Tesla kọ 10,000 kìlómítà, tàbí ìgbà tí ìyàtọ̀ poro táyà bá tó mìlímítà 1.5, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe kọ ti Tesla yìí, nítorí ohun tó yẹ kí a máa wò gan-an ló wà nínú rẹ̀. Kìlómítà kàn ń rán wa létí ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Ẹ wo iṣẹ́ tí táyà iwájú yín ń ṣe. Ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì jókòó lé e lórí. Òun ló ń fa ọkọ̀. Òun ló ń yà sọ́tùn-ún, yà sósì nígbà tí ẹ bá yí sítíárìn. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ńṣe ni ìwúwo ọkọ̀ ń dà síwájú, táyà iwájú yìí náà ló tún máa ru èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdádúró. Ti ẹ̀yìn kàn ń tẹ̀ lé e ni, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fà lọ́wọ́. Báwo ló ṣe wá lè jẹ́ pé wọ́n á gbó lọ́jọ́ kan náà?

Táyà ọkọ̀ kékeré máa ń ní nǹkan bíi mìlímítà 8 nígbà tó bá jẹ́ tuntun. Bí tiyín bá bẹ̀rẹ̀ láti 8, mìlímítà 4 ni iwájú ti jẹ, ẹyọ kan péré ni ẹ̀yìn jẹ. Ìyẹn ni pé iwájú ń jẹ mìlímítà kan ní 5,500 kìlómítà, ẹ̀yìn ń lo 22,000 kí ó tó jẹ iye kan náà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ síwájú díẹ̀: ká ní ẹ ti wọn wọ́n nígbà tí ẹ rin 10,000, ìyàtọ̀ wọn ì bá jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 1.4. Ẹ rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 1.5 yẹn dọ́gba. Nítorí náà, fún ọkọ̀ yín, bí ẹ ṣe ń wà á àti ojú ọ̀nà tí ẹ ń gbà, 10,000 kìlómítà ni iye tiyín. Mi ò mú un jáde látinú ìwé ẹnikẹ́ni, táyà yín ló sọ ọ́. Ẹlòmíràn tó ní irú ọkọ̀ kan náà, tó sì ń fi gbogbo ọjọ́ yí kọ́nà inú ìlú, lè rí 7,000. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀nà gbọọrọ ló ń gbà lè rí 13,000.

Ọ̀rọ̀ "gbogbo ìgbà tí a bá pààrọ̀ ọ́ìlì" tí mẹkáníìkì yín sọ kì í ṣe irọ́, ó kàn ti pẹ́ ni. Nígbà tí ọ́ìlì ń wá sí ìpààrọ̀ ní 5,000 tàbí 8,000 kìlómítà, ó rọrùn kí a so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, ọkọ̀ ṣáà ti wà lókè. Àwọn ọ́ìlì òde òní wà tó ń lọ sí 15,000 kìlómítà kí a tó dà wọ́n. Ẹni tó bá dúró de irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé táyà rẹ̀ ti lọ síwájú dúró dè é.

Ó wá ku ẹ̀gbọ́n yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú iṣẹ́ wa: ẹ̀gbọ́n yín kò jìnnà sí òótọ́ tó bẹ́ẹ̀. Pípààrọ̀ ipò táyà kì í fi rọ́bà kún rọ́bà. Ká ní a fẹ́ yọ táyà dànù nígbà tó bá ku mìlímítà 3. Láìpààrọ̀ rárá, ti iwájú yín á dé ibẹ̀ ní 27,500 kìlómítà, ẹ ó sì ra méjì. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ wọn déédéé, ọ̀kọ̀ọ̀kan á lo ìdajì ayé rẹ̀ níwájú, ìdajì lẹ́yìn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì jọ dé mìlímítà 3 ní 44,000 kìlómítà, ẹ ó wá ra mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ka gbogbo rọ́bà tí ọ̀nà jẹ nínú 44,000 kìlómítà yẹn, iye kan náà ni. Ẹni tó bá ní ẹ ó jèrè ìlọ́po méjì ń tan yín ni.

Kí wá ni èrè rẹ̀?

Èkíní ni ọjọ́ orí, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Bí ẹ bá fi táyà ẹ̀yìn yín sílẹ̀ síbi tó wà, yóò lo 110,000 kìlómítà kí ó tó dé mìlímítà 3. Ẹ̀yin ń rin nǹkan bíi 11,000 lọ́dún. Ọdún 10 nìyẹn. Rọ́bà kì í dúró de èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Oòrùn, ooru àti afẹ́fẹ́ ń gan án, á le, á bẹ̀rẹ̀ sí í sán wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, poro rẹ̀ á sì jìn dáadáa lójú. Michelin, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe táyà, ní kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún láti ìgbà tó bá ti pé ọdún 5, kí a sì yọ ọ́ ní ọdún 10 bó ti wù kó dára tó. Àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní ọdún 6. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin ní ìparí ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é nìyẹn, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á.

Èkejì ni bí ó ṣe ń jẹ. Táyà kì í jẹ ní ìwọ̀n nìkan, ó ń jẹ ní ìrísí pẹ̀lú, bí gìgísẹ̀ bàtà ṣe máa ń jẹ sí apá kan nítorí bí ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe ń rìn. Ti iwájú máa ń fá ní èjìká méjèèjì nítorí kọ́nà. Ti ẹ̀yìn, nítorí pé kò sí ẹrù gidi lórí rẹ̀, máa ń jẹ ní gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́: etí ebè kan á ga, èkejì á lọ sílẹ̀, bí eyín ayùn. Ìgbà tó bá wá rí bẹ́ẹ̀ tán ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Èmi fúnra mi ti ṣìnà lórí èyí rí. Ọkọ̀ kan ń hùn ùn-ùn-ùn lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, mo búra pé bíárìn ni, mo yọ bíárìn, mo fi tuntun sí i, ọkọ̀ ṣì ń hùn. Ìgbà tí mo gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì lọ síwájú tí ìró náà tẹ̀ lé wọn lọ síwájú ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Èmi ni mo sanwó bíárìn yẹn. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ ipò táyà láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tí ipò kan bá bà jẹ́ ni ipò kejì máa ń tún ṣe. Bí ó bá ti di ayùn tán kí ẹ tó gbé e, ariwo nìkan ni ẹ ó gbé síwájú.

Ẹ̀kẹta ni ìwé ẹ̀rí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá ṣèlérí iye kìlómítà kan fún táyà wọn sábà máa ń béèrè àkọsílẹ̀ pé a pààrọ̀ ipò rẹ̀ déédéé kí wọ́n tó dá wa lóhùn. Mi ò ní sọ ju ìyẹn lọ lórí rẹ̀.

Nísinsìnyí, táyà tiyín gan-an. Ẹ ti rin 22,000, ìyàtọ̀ ti di mìlímítà 3. Ṣé kí ẹ pààrọ̀ wọn báyìí? Tó bá jẹ́ ọkọ̀ mi ni, mi ò ní ṣe é.

Ìdí rẹ̀ ni omi. Poro inú táyà ni omi ń gbà jáde nígbà tí ọ̀nà bá tutù. Bí poro bá ti ń dínkù ni táyà á túbọ̀ máa léfòó sórí omi. Bí ó bá jẹ́ iwájú ló kọ́kọ́ léfòó, sítíárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, ọkọ̀ á fẹ́ máa lọ tààrà. Ẹ̀rù á bà yín, ẹ ó rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dálì tí ẹ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ máa sáré, á sì sábà padà bọ̀ sípò. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ léfòó, kò sí ohun tí ọwọ́ yín máa gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ìdí ọkọ̀ á kàn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sì tó mọ̀, ojú ibi tí ẹ ti ń bọ̀ ni ẹ ń wò. Ìdí nìyí tí a fi máa ń fi táyà tí poro rẹ̀ jìn jù sí ẹ̀yìn, ìbáà jẹ́ pé táyà iwájú ló ń fa ọkọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bá mi jiyàn lórí èyí. Wọ́n ní ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí ló yẹ kí tuntun wà. Mi ò gbà. Bí ẹ bá gbé mìlímítà 4 sẹ́yìn, 7 síwájú lónìí, ẹ ó fi ọ̀pọ̀ kìlómítà rin pẹ̀lú ẹ̀yìn tó fúyẹ́ ju iwájú lọ lórí omi. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ mìlímítà kan àti díẹ̀, kò tó nǹkan. Mẹ́ta ti pọ̀ jù fún mi.

Ohun tí màá ṣe ni pé màá jẹ́ kí ti iwájú lọ títí á fi ku mìlímítà 3, nǹkan bíi 5,500 kìlómítà sí i, oṣù mẹ́fà fún yín. Màá wá ra méjì tuntun, ìwọ̀n kan náà àti irú kan náà bí mo bá rí i, màá fi wọ́n sẹ́yìn, màá sì gbé àwọn ti ẹ̀yìn tẹ́lẹ̀ síwájú. Nígbà tí àwọn yẹn náà bá jẹ tán, mo tún ra méjì, ẹ̀yìn náà ni wọ́n ń gbà wọlé. Báyìí, kò sí táyà tó máa jókòó lẹ́yìn títí á fi darúgbó. Ọ̀nà tó péye lèyí náà. Bí ẹ bá sì fẹ́ ọ̀nà kejì, ìyẹn kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa jọ gbó, ọjọ́ tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà ní tuntun ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ṣe àkọ́kọ́ kí ó tó pé 10,000. Èyí tí kò dára ni kí èèyàn gbàgbé fún ọdún méjì, kí ó wá rántí lójijì lọ́jọ́ tí ti iwájú bá ti fẹ́ pá.

Òfin ní Yúróòpù àti ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà gbà kí a lo táyà títí poro rẹ̀ á fi ku mìlímítà 1.6. Àwọn ebè kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ poro, tó dábùú rẹ̀, ló ń fi ibẹ̀ hàn: nígbà tí ojú táyà bá bá wọn dọ́gba, ó parí. Èmi kì í dúró dìgbà náà bí òjò bá wà nínú ọ̀rọ̀. Mìlímítà 3 ni mo mẹ́nu kàn láti òkè títí dé ibí, mi ò sì yí i padà.

Ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa ara rẹ̀ kò ní àyè láti yan nínú ọ̀nà méjì tí mo sọ yìí; ọ̀nà kejì nìkan ló ní. Táyà tó ti jẹ kéré yíká ju èyí tí kò jẹ lọ, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa yí kíákíá jù kí ó tó lè bá a rìn. Ohun èlò tó ń pín agbára láàárín iwájú àti ẹ̀yìn á wá máa rò pé kọ́nà la ń yí títí ayé, á máa ṣiṣẹ́, á máa gbóná, kò sì sí ìsinmi. Táyà tí ẹ fẹ́ lò pẹ́ díẹ̀ sí i lè ba nǹkan tó wọ́n jù ú lọ fíìfíì jẹ́. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ ipò táyà rẹ̀ lásìkò, kí ẹ sì ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ọkọ̀ oníná náà wà nínú àwọn tí mi ò fi ṣeré: bátìrì mú kí ó wúwo, agbára rẹ̀ sì ń dé táyà lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́.

Ẹ bi mí bóyá ó burú kí ọ̀tún bọ́ sí òsì. Kò burú, ó tilẹ̀ dára. Ìtàn tó wà nídìí ìbẹ̀rù yẹn ti pẹ́. Nígbà tí táyà rédíà, irú tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò lónìí, ṣì jẹ́ àjèjì (Michelin ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1946), wọ́n máa ń kìlọ̀ pé kí a má yí ìhà tó ń yí sí padà. Ti òde òní kò ní wàhálà yẹn. Fún ọkọ̀ tí iwájú ń fà, ti iwájú méjèèjì ń lọ sẹ́yìn tààrà, ọ̀tún sí ọ̀tún, òsì sí òsì. Ti ẹ̀yìn ló ń dábùú bọ̀ síwájú, ọ̀tún bọ́ sí òsì, òsì bọ́ sí ọ̀tún. Fún ọkọ̀ tí ẹ̀yìn ń tì, tàbí tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wà, ẹ dà á kọ: ti ẹ̀yìn ń bọ̀ síwájú tààrà, ti iwájú ló ń dábùú.

Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Bí ẹ bá rí ọfà tó ń fi ìhà tó gbọ́dọ̀ yí sí hàn, kò gbọdọ̀ kúrò ní apá tó wà; iwájú sí ẹ̀yìn nìkan ni. Bí ẹ bá rí "OUTSIDE" láìsí ọfà, ìyẹn kò dí yín lọ́wọ́, ojú tó wà níta á ṣì wà níta lápá kejì. Bí táyà ẹ̀yìn bá tóbi ju ti iwájú lọ, bíi ti àwọn ọkọ̀ eléré, ọ̀tún àti òsì nìkan ni ẹ lè pààrọ̀, bí kò bá ní ọfà. Táyà àpòjù (sípíà) tín-ín-rín tó wà nínú búùtù yín kò bá ẹnikẹ́ni pààrọ̀. Ó wà fún ọjọ́ pàjáwìrì, 80 kìlómítà ní wákàtí kan ni wọ́n sì sábà máa ń kọ sí i lára pé kí a má kọjá. Bí àpòjù bá jẹ́ ojúlówó, tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti àwọn yòókù mu, ẹ fi í sínú ìyípo náà kí ó di márùn-ún.

Ẹ má gbé táyà tó ń ṣàìsàn kiri. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú táyà iwájú yín láti inú sí ìta, kí ẹ tún nù ún padà. Bí ó bá dán lọ, tó sì ta yín lọ́wọ́ bọ̀, aláínìmẹ́ǹtì, ìyẹn bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe dúró tọ́ sí, ló ti yẹ̀. Bí etí inú nìkan bá fá, òun náà ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ yí sítíárìn dópin kí ẹ tó rí etí yẹn dáadáa. Bí àárín bá jẹ ju ẹ̀gbẹ́ lọ, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá jẹ ju àárín lọ, ó kéré jù. Bí ó bá ní kòtò kòtò yíká, ẹ yẹ ṣọ́ọ̀kì wò, ẹ sì yẹ báláǹsì rẹ̀ wò. Ẹ tọ́jú ìdí rẹ̀ ná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, táyà mẹ́rin ni àìsàn ẹyọ kan máa jẹ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Kí nọ́ọ̀tì dì ní ìdábùú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kì í ṣe yíyípo bí aago, ní agbára tí ìwé ọkọ̀ kọ. Àwọn tó ń fi ìbọn afẹ́fẹ́ dì í ní "gbràgbrà" títí á fi dákẹ́ ń fi ìyà pamọ́ de ọjọ́ tí táyà yín bá jò lójú ọ̀nà tí sípánà ọwọ́ kò sì tú u. Bí ẹ bá ti rin nǹkan bí 80 sí 160 kìlómítà, ẹ tún fi sípánà kàn wọ́n wò.

Afẹ́fẹ́ ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ ni ìwé kékeré kan wà tó kọ iye ti iwájú àti iye ti ẹ̀yìn. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, táyà tó ti iwájú lọ sẹ́yìn gbé iye iwájú dání lọ ni. Ẹ wọn án nígbà tí táyà bá tutù, kí ẹ tó rìn. Bí ọkọ̀ yín bá ní iná tó ń kìlọ̀ nípa afẹ́fẹ́, ẹ ṣí ìwé rẹ̀ kí ẹ wo bí a ṣe ń sọ fún un pé táyà ti pààrọ̀ ipò. Àìṣe bẹ́ẹ̀, ó lè máa sọ pé iwájú ọ̀tún ló jò nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọ̀tún ni.

Ẹ wá kọ iye tó wà lójú míítà ọkọ̀ sínú fóònù yín lónìí, kí ẹ kọ 4, 4, 7, 7 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó bá ku 1,000 kìlómítà kí 5,500 yẹn pé, ẹ tún wọn wọ́n, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye táyà méjì.